Ẹni Tí A Kò Wádìí

Ẹni tí ó bá òkú lórí ibùsùn mọ ẹkún tí yóò sun. Ẹni tí ó bá ibùsùn lófìfo ni kò mọ̀ bóyá kí òun jókòó sunkún ni tàbí kí òun dìde máa sáré. Báyìí gan-an ni ọ̀ràn rí fún Sarah ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, bí ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyá rẹ̀ ní Òjòwò, tí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti Àgó-Ìwòyè, níbi tí ó ti ń ta oògùn òyìnbó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ni ó ti sáré wá. Kò tíì ṣí ṣọ́ọ̀bù nígbà tí Jedidiah, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, pè é lórí fóònù pé, "Àǹtí, ẹ máa bọ̀ o! Favour ti gbé Màmá lọ!"

Favour ni ọmọbìnrin tí Sarah gbà láti máa tọ́jú ìyá rẹ̀, láti máa sùn tì í, kí ó sì máa fún un lóògùn. Fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́. Àwọn ará ilé ti wá a yí gbogbo àdúgbò ká, wọn kò rí òun, wọn kò rí ìyá.

Màmá Ìbíkẹ́ ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Nígbà tí ara ṣì ní okun, òun ni alárinà àgbà ní Òjòwò: kò sí ìdílé tí yóò fi ọmọ fọ́kọ tí kì í kọ́kọ́ rán an lọ wádìí ilé ọkọ, bóyá olè ń bẹ níbẹ̀, bóyá wèrè ń bẹ níbẹ̀, bóyá ọkùnrin ilé náà a máa na obìnrin. Iyè rẹ̀ ti rá báyìí. Ó lè wo Sarah tí ó bí lójú kí ó máa kí i bí ẹni kí aládùúgbò. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àtijọ́ kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wọlé, yóò na ìka sí i, yóò sì fi ohùn Ìjẹ̀bú rẹ̀ tó ki béèrè ẹni tí onítọ̀hún í ṣe, pé, "Lèésí rè é? Ṣé ẹ ti wádìí rẹ̀?" Gbogbo ilé a máa fi í ṣe ẹ̀rín. Lówùúrọ̀ yìí, kò sí ẹni tí ó rántí rẹ́rìn-ín. Ìyá tí ìtọ̀ ṣúgà ń bá jà, tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà, tí kò lè dárúkọ ara rẹ̀ fún ẹni tí ó bá rí i lójú títì: níbo ni wọ́n gbé e lọ?

Inspẹ́kítọ̀ Adémúyìwá, ọ̀dọ́mọkùnrin tí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì ń dán, ti wà nínú yàrá. Ó yíjú sí Sarah.

"Mà, níbo lẹ ti rí ọmọbìnrin yìí?"

"Ẹni tí a wádìí ni!" ni Sarah dá a lóhùn. "Kì í ṣe ẹni tí mo ṣà lójú ọ̀nà. Mo wádìí rẹ̀ dé ìlú rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo fi ẹsẹ̀ mi tẹ Ìbíadé létí odò."

Jedidiah, tí ó fi ara ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, pòṣé. "Ìwádìí kí ni, Àǹtí? Mo ti sọ fún yín pé ẹ má fi àlejò sílé. Ọmọ odò! Ẹja ni wọ́n, bí ènìyàn bá rò pé òun ti mú wọn, yíyọ́ ni wọ́n ń yọ́."

Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn wọn. "Ẹja Ìbíadé náà ni ìwọ sì fi jẹun lánàá, Jedidiah. Òórùn rẹ̀ wà ní gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí. Ẹ kúuṣẹ́ o, Inspẹ́kítọ̀."

Yínúsà Láwàl ti Jàpárà ni. Ó ti fẹ̀yìntì nínú iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò tíì fẹ̀yìntì lára rẹ̀: ohun tí ó bá ta kókó mọ́ àwọn ọlọ́pàá lọ́wọ́ ní agbègbè náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá tú. Ojú rẹ̀ kéré, etí rẹ̀ sì fẹ̀. Àwọn olè àtijọ́ a máa sọ pé Ọlọ́run bù lára ojú rẹ̀ kún etí. Àpò kékeré kan kì í kúrò ní èjìká rẹ̀. Gàrí Ìjẹ̀bú ló wà nínú rẹ̀. Bí àwọn ẹlòmíràn ti ń fá aáṣáà kí orí wọn tó jí, gàrí tí a fi omi tútù pò ni Láwàl fi ń ronú.

"Ọ̀gá, ẹ káàbọ̀," ni Inspẹ́kítọ̀ wí, ó sì fara balẹ̀ díẹ̀. "Àwa kò rí nǹkan kan o."

"Mo gbọ́," ni Láwàl wí, ó yíjú sí Sarah, ó sì fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè é. "Ìyá Oríolúwa, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má tíì sunkún. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo ohun tí kò sí níhìn-ín."

"Ohun tí kò sí kẹ̀, Bàbá?"

"Ohun tí ó wà, gbogbo yín ti rí i tán. Oògùn Màmá, ibo ló máa ń wà?"

Sarah nawọ́ sí agolo bisikíìtì kan lórí tábìlì. Láwàl ṣí i. Òfìfo ni. Ó béèrè ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà, kò sí. Ó béèrè ẹ̀wù òtútù Màmá, kò sí. Lára dígí ni ẹ̀gbà ọrùn wúrà kan gbé so rọ̀, ohun ìyàwó tí ọkọ Màmá rà fún un láyé ọjọ́un. Láwàl fi ìka kan ta á, ó ń mì síwá sẹ́yìn, ó ń dán. Ó gbé ìrọ̀rí, ó yí i padà, ó wò ó, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì tún yí i padà bí ó ti wà.

"Jedidiah, ọmọ mi, bá mi fọ abọ́ kan wá. Fi ọwọ́ ha inú rẹ̀ dáadáa, kí o wá bu omi mímọ́ sí i. Ebi ìrònú ń pa mí."

"Ní irú àkókò yìí, Bàbá?"

"Irú àkókò yìí gan-an ni í máa ń pa mí."

Jedidiah kùn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àgbà kò ṣeé kọ̀ lójú ọlọ́pàá. Ó mú abọ́ tánganran funfun kan, ó ha á, ó ṣàn án, ó bu omi sí i, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e wá. Láwàl tẹjú mọ́ inú omi náà bí ẹni ń wá kòkòrò. Lẹ́yìn èyí ó gbé abọ́ náà ka ojú fèrèsé. Sarah rí i pé kò da gàrí sí i.

"Ó dáa. Wọ́n ní o rí wọn."

"Mo rí wọn, Bàbá. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ni. Mo ń ti ilé àdúrà bọ̀. Ní gáréèjì, wọ́n ń wọ ọkọ̀ Èkó. Mo rò pé ilé ìwòsàn ni wọ́n ń lọ, àfi ìgbà tí mo délé tí mo rí i pé yàrá ti dàrú."

"Báwo ni Màmá ṣe ń rìn?"

"Jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀, ọmọ yẹn di apá kejì mú."

"O dá ọ̀pá náà mọ̀?"

"Bàbá! Èmi ni mo rà á fún un. Orí rẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ bí orí ẹyẹ, ta ni kò mọ̀ ọ́n?"

"O ṣeun, ọmọ mi. Ẹ̀rí tó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta ni o jẹ́ yẹn."

Inspẹ́kítọ̀ ti ń pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà Èkó. Èkó! Níbo ni ènìyàn yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí wá arúgbó ní Èkó? Sarah rí ìyá rẹ̀ lójú inú, tí ó jókòó sábẹ́ afárá kan, tí ó ń na ìka sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò tí ń kọjá, tí ó ń béèrè bóyá wọ́n ti wádìí wọn.

*

Láwàl mú un jáde sí ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ igi obì tí bàbá rẹ̀ gbìn.

"Ẹ sọ bí ẹ ṣe wádìí rẹ̀ fún mi. Ẹ má fò ó."

Sarah nu imú. Ó ní ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ ló wá sí ṣọ́ọ̀bù wá béèrè iṣẹ́. Ó ní Favour lorúkọ òun, ọmọ Simeon apẹja ní Ìbíadé, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun bíi tiwọn. Ojú rẹ̀ balẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Síbẹ̀ Sarah kò kánjú.

"Mo lọ sí Ìbíadé lọ́jọ́ ọjà. Mo ṣe bí ẹni wá ra ẹja gbígbẹ. Mo ń yọwó, mo ń da ọ̀rọ̀ sílẹ̀: ṣé ẹ mọ ọmọ Simeon kan tí ń jẹ́ Favour? Wọ́n ní, 'Háà, ọmọ dáadáa!' Mo dé ilé àdúrà wọn bí àlejò tí ó fẹ́ tan àbẹ́là. Mo tún da ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Alàgbà ibẹ̀ ní kò sí ọmọ tó mọ ìtọ́jú aláìsàn bí i. Mo dé ilé ìwé tó lọ. Olùkọ́ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín bí mo ti dárúkọ rẹ̀. Bàbá, ẹnu mélòó ni kí n tún bi?"

"Ẹ kò sọ ohun tí ẹ torí rẹ̀ wá fún ẹnì kankan?"

"Ta ní ń wádìí ènìyàn tí í lu agogo? Màmá ló kọ́ wa. Ó ní ìwádìí tí onítọ̀hún bá ti gbọ́, kì í ṣe ìwádìí mọ́, ìkìlọ̀ ni."

"Ọ̀rọ̀ àgbà ni. Ẹ fi àwòrán rẹ̀ hàn wọ́n?"

"Bí mo bá mú àwòrán dání, wọn kò ha ní mọ̀ pé mo ń wádìí ni?"

"Ẹ má bínú sí ara yín. Bí gbogbo Ìjẹ̀bú ti ń ṣe é nìyẹn. Bí ìyá tèmi náà ti ṣe é kí ó tó gba ìyàwó mi wọlé nìyẹn. Ní ayé tiwọn, ẹni tí a ń wádìí kò ju ìlú kejì lọ. Gbogbo ènìyàn ló mọ ojú tó ni orúkọ. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, Ìyá Oríolúwa. Orúkọ ni ẹ gbé lọ sí Ìbíadé, orúkọ náà ni wọ́n sì jẹ́rìí sí. Ta ló sọ fún yín pé ẹni tó ni orúkọ náà ni ó ń sùn ti ìyá yín?"

Afẹ́fẹ́ fẹ́, ewé obì kan já bọ́ sí èjìká Sarah, òun náà sì fò bí ẹni tí ejò ṣán.

Láwàl gba àwòrán ọmọbìnrin náà lọ́wọ́ Sarah sórí fóònù tirẹ̀, ó sì fi í ránṣẹ́ sí Mùbàṣírù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá, tí ó ń gbé ní Ìbíadé báyìí. Ó ní kí ó lọ bá Simeon apẹja, kí ó fi hàn án, kí ó má tíì sọ ìdí. Lẹ́yìn náà, wọ́n dúró. Kò sí iṣẹ́ tó wúwo bí ìdúró. Sarah jókòó, ó dìde, ó ka orin ìjọ kan dé ìdajì, ó gbàgbé ìdajì tó kù.

Nígbà tí fóònù dún, Láwàl gbé ohùn rẹ̀ sókè kí àwọn méjèèjì lè gbọ́.

"Yínúsà, ọ̀rọ̀ wà o," ni Mùbàṣírù wí. "Simeon ní kì í ṣe ọmọ òun. Favour tirẹ̀ wà ní Àbújá, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń ṣe níbẹ̀."

"Ta wá ni ti inú àwòrán?"

"Tìmílẹ́hìn ni wọ́n ń pè é. Ọmọ òrukàn ni, ọ̀rẹ́ Favour, ilé Simeon náà ló dàgbà sí. Ó ti tọ́jú bàbá arúgbó kan rí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bàbá yẹn kú mọ́ ọn lọ́wọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ní òun ló pa á. Wọ́n tì í mọ́lé."

Ohun tí Mùbàṣírù sọ lẹ́yìn èyí, pé dókítà jẹ́rìí sí i pé ọkàn arúgbó náà ló daṣẹ́ sílẹ̀, pé wọ́n tú ọmọ náà sílẹ̀ láìsí ẹ̀bi, kò wọ Sarah létí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń ró gbandu-gbandu nínú orí rẹ̀. Ó pa á. Ó pa á. Èmi ni mo mú apànìyàn wá fún ìyá mi, mo sì ń san owó oṣù fún un.

Láwàl kò tíì ju fóònù sílẹ̀. "Mùbàṣírù, nígbà tí o fi àwòrán hàn án, kí ni Simeon bi ọ́?"

"Kò bi mí ní nǹkan kan."

"Kò béèrè pé kí ló ṣe é? Kò béèrè pé ta ló ń wá a?"

"Rárá. Ó dáhùn tán, ó ní òun fẹ́ tún àwọ̀n ṣe, ó sì ti ilẹ̀kùn."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ lówùúrọ̀ náà, ẹ̀rín kékeré kan kọjá lójú Láwàl. "Wá ibi jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀. Má wọlé. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ìhà ọ̀dọ̀ wa wá, má jẹ́ kí ó wọlé."

*

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a gbé sókè lórí fóònù kì í mọ sí etí méjì. Nígbà tí wọn yóò fi padà sí iwájú ilé, Jedidiah ti gbọ́, ariwo sì ti gba ìta. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ti péjọ. Òmíràn mú igi lọ́wọ́, òmíràn ti jókòó sórí ọ̀kadà.

"Apànìyàn ni!" ni Jedidiah ń kígbe. "Ó ti pa ẹnì kan rí! Àǹtí Sarah, ẹ fi àwòrán rẹ̀ sórí fóònù gbogbo ìjọ, ẹ fi sí ti gáréèjì, ẹ fi sí ti àwọn ọlọ́dẹ. Ẹni tó bá rí i, kí ó má wulẹ̀ bi í ní ìbéèrè!"

"Ká dáná sun ún!" ni ẹnì kan dá a lóhùn láti ẹ̀yìn.

Ọwọ́ Sarah ti wà lórí fóònù. Àwòrán náà ti wà níbẹ̀, ó ku kí ó tẹ̀ ẹ́. Ọmọbìnrin tí ń rẹ́rìn-ín, tí ó fi ìgbálẹ̀ há abíyá. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́, gbogbo Ìjẹ̀bú yóò di ojú tí ń bá a wá ìyá rẹ̀. Láwàl fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú fóònù náà.

"Ìyá Oríolúwa, èyí tí ẹ bá fi ránṣẹ́ lónìí, ẹ kò ní lè ránṣẹ́ pè é padà."

"Bàbá, ìyá mi ni!"

"Mo mọ̀. Ẹ fún mi ní ìwọ̀n ìgbà tí a fi ń mu abọ́ gàrí kan. Bí mo bá mu ún tán tí n kò tíì rídìí ọ̀rọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́. Inspẹ́kítọ̀, Jedidiah, ẹ wá sínú yàrá."

Sarah tẹ̀ lé wọn, àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì wà lórí fóònù.

Láwàl jẹ́ kí gbogbo wọn wọlé tán, ó wá fa ilẹ̀kùn tí ó ti wà ní ṣíṣí láti àárọ̀, ó tì í. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà, láàrin ògiri àti aṣọ tí wọ́n fi kọ́, ni ọ̀pá kan fara tì. Orí rẹ̀ rí bí orí ẹyẹ.

Láwàl mú un jáde.

"Kò sí ẹni tí í wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀," ni Láwàl wí. "Jedidiah, ọ̀pá wo ni Màmá fi tilẹ̀ ní gáréèjì?"

"Ó... ó lè jẹ́ òmíràn, Bàbá. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa."

"Ó ti mọ́ tó láti rí orí ẹyẹ. Ìwọ kò rí wọn ní gáréèjì, ọmọ mi. Ọ̀nà Èkó ni o fẹ́ kí ọlọ́pàá máa wò, kí àwọn ọmọ tìrẹ tó wà níta yìí lè wá a ní ibòmíràn." Ó yí sí Inspẹ́kítọ̀. "Ẹ wo ẹni tí ó jí ènìyàn gbé: ó fi wúrà sílẹ̀ lára dígí, ó kó oògùn. Ó fi ọ̀pá sílẹ̀, nítorí ó pọn ìyá náà ni. Ó mú ẹ̀wù òtútù, kí òwúrọ̀ má baà mú un. Irú ajínigbé wo nìyẹn? Ẹni tí ń sá ni. Ẹni tí ń sá pẹ̀lú nǹkan iyebíye. Mo wá bi ara mi pé, lọ́wọ́ ta ló ń sá?"

Ó gbé ìrọ̀rí, ó yí i padà. Lára rẹ̀ ni àbàwọ́n kan wà, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó fẹ̀ lápá kan, bí ẹni fi ìka tí a ti rì sínú nǹkan búlúù nù ún.

"Tàdáwà òǹtẹ̀ ni. Ẹnì kan fi agbára mú ìka ìyá yìí lánàá, ó fẹ́ kí ó tẹ̀ ẹ́ sí ìwé. Ìyá jà, ó já ọwọ́ gbà, ó nu ún mọ́ ìrọ̀rí. Tàdáwà òǹtẹ̀ le púpọ̀. Ọṣẹ kì í tètè yọ ọ́ lábẹ́ èékánná. Àfi bí ènìyàn bá fi ọwọ́ ha abọ́ dáadáa, tí ó wá ti ìka rẹ̀ bọ omi bí ó ti ń gbé e bọ̀."

Ó sọ abọ́ tánganran náà kalẹ̀ láti ojú fèrèsé. Nínú funfun rẹ̀, omi náà ti ní àwọ̀ búlúù, bíi sánmà nígbà tí òjò fẹ́ dá.

Jedidiah wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n so mọ́ ọn. Lẹ́yìn èyí ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, ó sì sọ ọ́ tìbínú-tìbínú. "Ilẹ̀ bàbá wa ni! Ilẹ̀ oko kòkó ní Jàpárà yẹn, ta ló ń ro ó? Ẹ̀yin obìnrin ti lọ sílé ọkọ, ẹ ń ta oògùn. Èmi ni mo dúró tì í. Orúkọ Màmá ló wà lórí ìwé rẹ̀, àwọn tó fẹ́ rà á sì ní kí ó tẹ̀ka nìkan. Ìka kan! Ọmọ odò yẹn dúró sí àárín, ó ní òun yóò sọ fún yín. Mo gba fóònù rẹ̀. Mo ní n óò mú àwọn olùrà wá láàárọ̀..."

"Jedidiah." Ohùn Sarah kò ròkè. "Ìwọ ni mo fi kọ́kọ́rọ́ ilé yìí lé lọ́wọ́. N kò bi ẹnì kankan léèrè nípa rẹ rí."

"Kí ni ẹ fẹ́ béèrè nípa mi? Ọmọ ilé ni mí!"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Láwàl wí. "Àlejò la ń wádìí. Ọmọ ilé ló ń bá wa wádìí wọn."

Nígbà tí Inspẹ́kítọ̀ di apá rẹ̀ mú tí ó ń mú un jáde, Jedidiah yíjú padà. "Ó dáa, èmi ni mo burú. Ṣùgbọ́n ìyá yín ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tí arúgbó kú mọ́ lọ́wọ́. Ẹ bi Bàbá yín yìí, ṣé ó rí i tí ó wà láàyè ni, àbí ó kàn rò ó ni?"

*

Ọ̀rọ̀ yìí ló bá Sarah wọ ọkọ̀, òun ló sì jókòó tì í gba Ìjẹ̀bú-Òde kọjá, títí ilẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ lọ sí ìhà odò. Ọlọ́pàá kan ń wa ọkọ̀, Láwàl wà níwájú, gàrí rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀ ní dídì. Fóònù Mùbàṣírù kò wọlé.

"Bàbá, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Simeon ni wọ́n wà?"

"Bí mo bá fi àwòrán ọmọ tí ó dàgbà nílé yín hàn yín, tí àlejò sì ń wá a, kí ni ẹ óò kọ́kọ́ sọ?"

"N óò ní kí ló ṣe é."

"Simeon kò béèrè. Ẹni tí kò béèrè ohun tó ṣe ọmọ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀."

Ó dán mọ́rán létí. Ṣùgbọ́n ìrònú kì í ṣe ojú. Sarah mọ iye wákàtí tí Màmá lè fi wà láìjẹun lórí oògùn ṣúgà. Òun ló ń ta oògùn náà. Ó wo fóònù. Àwòrán ọmọbìnrin náà ṣì wà níbẹ̀, tí ń rẹ́rìn-ín, tí ń dúró de àtàǹpàkò rẹ̀.

Wọ́n bá Mùbàṣírù ní Ìbíadé, lórí ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ láti ìgbà tí oòrùn ti mú. Lẹ́nu ọ̀nà ilé tó kẹ́yìn sí omi ni àgbà ọkùnrin kan dúró, tí ó gbé àjẹ̀ dábùú ilẹ̀kùn.

"Ẹni tí yóò wọlé yìí," ni Simeon wí, "kí ó kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí òun jẹ́."

Sarah kúnlẹ̀ sórí iyanrìn. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Èmi ni ọmọ rẹ̀."

Àgbà náà wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé àjẹ̀ kúrò.

Inú ilé ṣókùnkùn, ó tutù, ó ń rùn fún ẹja yíyan. Lórí ẹní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí omi, Màmá Ìbíkẹ́ jókòó nínú ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó ń lá ẹ̀kọ tí ọmọbìnrin kan ń fi ṣíbí fún un. Agolo oògùn kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n oògùn náà wà nínú abọ́ mímọ́ kan, ti àárọ̀ ti dín níbẹ̀, ti alẹ́ ń dúró. Àtàǹpàkò òsì Màmá wà nínú àkísà funfun tí wọ́n dì yí i ká.

"Kí ló ṣe é lọ́wọ́?" ni Sarah béèrè, nítorí kò mọ ohun mìíràn tí òun lè kọ́kọ́ sọ.

Tìmílẹ́hìn kò gbé ojú sókè. "Kò ṣe é ní nǹkan kan, mà. Tàdáwà ló wà níbẹ̀. Mo dì í kí ó má baà fọ̀ dànù. Mo mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò ní gba ọ̀rọ̀ ẹnu mi gbọ́."

"Kí ló dé tí o kò wá bá mi ní Àgó-Ìwòyè?"

"Kí n wá wí kí ni? Pé ọmọ àbúrò bàbá yín ń purọ́, èmi tí orúkọ mi gan-an jẹ́ irọ́? Ẹ̀yin ìbá bi mí ní ìbéèrè kan péré, gbogbo rẹ̀ ìbá tú." Omi dà lójú rẹ̀ sórí ṣíbí, ó fi apá aṣọ nù ún, ó tún bu ẹ̀kọ. "Ọ̀rẹ́ mi ló ní kí n mú orúkọ òun lò. Ó ní tèmi kò ní wọlé sí ilé kankan mọ́ ní Ìjẹ̀bú. Òótọ́ ló sọ. Ṣé ẹ óò gbà mí ká ní mo sọ ọ́?"

Èsì tó jẹ́ òótọ́ kò ṣeé sọ, èyí tó ṣeé sọ kì í ṣe òótọ́. Sarah mú fóònù rẹ̀ jáde, ó sì pa àwòrán tí kò tíì fi ránṣẹ́ rẹ́.

Láwàl ti jókòó sórí àpótí kan, ó ti gba omi tútù lọ́wọ́ Simeon, ó ń da gàrí sí i nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín. "Tìmílẹ́hìn, lọ́la mo ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde lọ wádìí rẹ. Orúkọ rẹ gan-an ni n óò mú dání, pẹ̀lú àwòrán rẹ, ní gbangba ọ̀sán. N óò dé ọ̀dọ̀ dókítà yẹn."

"Ẹ óò gbọ́ ohun tí kò dára, Bàbá."

"N óò gbọ́ gbogbo rẹ̀. Èyí tí ó dára náà wà níbẹ̀."

Ohùn wọn ló jí Màmá kúrò nínú ẹ̀kọ rẹ̀. Ó gbé ojú rẹ̀ tó ti funfun sókè. Ó wo Láwàl, ó gbójú kúrò. Ó wo Sarah, tí ó tún ti kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí iyanrìn bo aṣọ rẹ̀, ó sì tẹjú mọ́ ọn. Ó sún mọ́ ọmọbìnrin tí ń fún un lóúnjẹ, ó di etí ìró rẹ̀ mú, ó sì na ìka tí a fi àkísà dì náà sí ọmọ tí ó bí.

"Lèésí rè é?" ni Màmá Ìbíkẹ́ béèrè. "Ṣé ẹ ti wádìí rẹ̀?"

Tìmílẹ́hìn sọ ṣíbí kalẹ̀. Ó wo Sarah lójú fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, ó sì wò ó pẹ́ bí bàbá tó gbé àjẹ̀ dábùú ilẹ̀kùn ti wò ó.

"Mo ti wádìí rẹ̀, Màmá," ni ó wí. "Ọmọ yín ni. Ẹ jẹ́ kí ó sún mọ́ yín."